Bí Mo Ṣe Fi Imú Mi Sílẹ̀ Lábẹ́ Kànga Àìgbẹ

Kí ni wọ́n ń sè nínú ilé lọ́hùn-ún? Ẹ má rẹ́rìn-ín, mò ń béèrè ni. Ẹ̀yin tí imú yín ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ sọ fún mi bóyá ẹ̀gúsí ni àbí ilá. Ẹ̀gúsí? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ará Òkè-Ìsun àti ẹ̀yin àlejò wa. Kí ẹni tó wà lẹ́yìn sún síwájú, nítorí ohùn mi kò tó ti àtijọ́ mọ́. Ọlọ́run tó jẹ́ kí n lọ, tó sì jẹ́ kí n bọ̀, kí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi wọ̀ yín létí bí omi ṣe ń wọ ìdí iṣu.

Èmi ni Ọdẹ́rìndé, ọmọ agbo ilé Afami. Ìgbà kan wà tí imú yìí ń ṣiṣẹ́ ju ìbọn mi lọ. Bí ẹfọ̀n bá yàgbẹ́ lẹ́yìn òkè kẹta, èmi ti mọ ohun tó jẹ lánàá. Òjò tí yóò rọ̀ lọ́túnla, mo ti gbọ́ òórùn rẹ̀ lónìí. Ẹ rí ọkùnrin tó jókòó nídìí òpó yẹn, bàbá rẹ̀ purọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan nípa awọ ẹtu, mo gbóòórùn irọ́ náà kí ó tó la ẹnu. Ṣùgbọ́n n kò fi yangàn mọ́. Ẹni tí kò láṣọ mọ́ ló ń ròyìn sányán tó ti gbó.

Àwa ilé Afami la di okùn kànga Àìgbẹ mú láti ìgbà tí a ti tẹ ìlú yìí dó. Baba ńlá wa gbẹ́ kànga kí ó tó kọ́ ilé. Ó ní ẹni tó kọ́lé ṣáájú omi, òùngbẹ ló kọ́lé fún. Nítorí náà, ọmọ ilé wa tí omi Àìgbẹ kò bá tíì kàn lẹ́nu, kò tíì dé ayé tán. A kò gbọdọ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Ìkókó là ń pè é. Àwọn ilé yòókù lè fi omi òjò sọ ọmọ tiwọn, a kò bá wọn jà. Àwa kò lè ṣe é.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Mọrádékẹ́. Awakọ̀ ni ọkọ rẹ̀. Ó gba ọ̀nà Òkè-Ọya lọ nígbà tí oyún wà ní oṣù mẹ́ta, kò padà. Ọmọbìnrin mi wá bímọ sọ́dọ̀ mi. Ó bí obìnrin. Lọ́jọ́ kejì ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó sọ orúkọ tó fẹ́ kí ọmọ náà máa jẹ́ sí mi létí. Ó ní, “Bàbá mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ ṣáájú omi.” Mo ní n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó kú.

N kò sunkún. Àwọn ènìyàn rò pé akin ni mí. Mo wá ẹkún náà nínú ara mi bí ènìyàn ti í wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò tó ti lu. N kò rí i. Mo ká aṣọ ìró rẹ̀ kan sínú àpótí, mo pa á dé.

Lọ́jọ́ kẹjọ, Ìyá Ẹfúnyẹmí, àgbà obìnrin ilé wa tí ń sọ ọmọ lórúkọ, ní kí n fa omi wá. Mo fà á. Àwọ̀ bí ti òṣùmàrè wà lójú omi náà, ó sì ń rùn fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, bí ibi tí mẹkáníìkì ti jókòó lánàá.

Ìyá Ẹfúnyẹmí ní, “Ọdẹ́rìndé, epo bẹntiróò nìyí.”

“Mo gbọ́, ìyá mi.”

“Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Mo ti wo ilé. N kò ní fi epo mọ́tò sọ ọmọ Mọrádékẹ́ lórúkọ. Tún omi yìí ṣe.”

Ọ̀nà kan ṣoṣo la mọ̀ tí a fi ń tún kànga ṣe. Ọdọọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a máa ń gbọ́n ọn títí a ó fi rí yanrìn ìsàlẹ̀, omi tuntun á sì sun. Mo pe àwọn ọkùnrin ilé wa jọ, a gbá okùn mú. A gbọ́n ọn lọ́jọ́ kìíní, òórùn le sí i. Mo ní ẹ má sinmi, ìdọ̀tí tó ń jáde ni. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni a fi gbọ́n kànga náà, àtẹ́lẹwọ́ wa bó. Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, omi tí a fà sókè, bí o bá ṣá iná sí i, yóò jó.

Mo gbé ìbọn mi, mo gbé àpò mi. Wọ́n ní níbo? Mo ní mò ń lọ sí ìsàlẹ̀ láti lọ bi omi ohun tó ṣe é. Àtilọ àti àìlọ, bákan náà ni wọ́n rí lójú mi, mo kàn mú àtilọ.

Ẹ má bi mí léèrè bí mo ṣe rìn ín, ọ̀nà ọdẹ ni. Ẹ ṣáà mọ̀ pé lẹ́yìn òkè ìlú yìí, mo wọ Igbó Èémí-Kò-Délẹ̀, níbi tí gbòǹgbò igi ti wà lókè, tí ewé wà nínú ilẹ̀. Iwin kan bọ́ sójú ọ̀nà mi. Ojú mẹ́rìndínlógún ló ní, iná ń yọ nínú mẹ́jọ, omi ń dà nínú mẹ́jọ. Ó ké, igi méjì wó.

Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ omi dà?”

Ó tún ké. Mo dúró dè é kí ó parí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ̀rù ò bà yín ni?”

“Kò bà mí.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe bí ẹni pé ó bà yín. Àwọn ọmọ mi ń wò wá láti orí igi.”

Mo sá díẹ̀ fún un, mo tilẹ̀ ju fìlà mi nù. Ó dúpẹ́, ó gbé fìlà mi fún mi, ó sì fi ihò kan hàn mí lábẹ́ òkìtì ọ̀gán. Kì í ṣe ìgboyà, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ibi tí ẹ̀rù ń jókòó sí nínú mi ló ti ṣófo.

Mo sọ̀kalẹ̀ títí òkùnkùn fi nípọn bí ògì. Níbẹ̀ ni mo ti bá arúgbó kan tó dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ikùn rẹ̀ tóbi tó yàrá méjì, irin ni gbogbo ara rẹ̀, ìpẹtà sì ti jẹ ẹ́ wọ egungun. Ikùn-Irin ni orúkọ rẹ̀. Epo ń kán lára rẹ̀, tó, tó, tó.

Mo na ìbọn sí i. Mo ní, “Ìwọ lò ń ba omi wa jẹ́.”

Ó ní, “Ọdẹ, yìn ín bí o bá fẹ́ yìn ín. Ihò kan sí i kò ní ṣe mí ní nǹkan. Ṣé o kò dá mi mọ̀? Èmi ni táǹkì ilé epo orí òkè yín.”

Mo wá rántí. Ọkùnrin kan ti ìdálẹ̀ wá, ó ri táǹkì irin mẹ́ta mọ́lẹ̀ lórí òkè, ó ta epo fún ọdún mélòó kan. Nígbà tí wọ́n la ọ̀nà tuntun, tí mọ́tò kò gba ọ̀dọ̀ wa mọ́, ó kó ẹ̀rọ òkè ilẹ̀ lọ. Koríko hù síbẹ̀. Ewúrẹ́ ń jẹ koríko náà. A gbàgbé.

Ikùn-Irin ní, “Wọ́n bọ́ mi yó, wọ́n sin mí, ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé mo ti kú. Bí ènìyàn bá sin òkú, á wẹ̀ ẹ́. Bí ó bá sin owó, á padà wá hú u. Èmi, kí ni wọ́n sin mí fún? Mo di epo náà mú títí agbára mi fi tán. N kò jalè, n kò pànìyàn. Mo ń jò ni. Ohun tí o ń wá ti kọjá lára mi. Ó wà níwájú.”

Mo kọjá lára rẹ̀. N kò bínú sí i. N kò mọ bí a ti í bínú mọ́ nígbà náà.

Iwájú ni mo ti rí i. Odò kan wà lábẹ́ ilẹ̀ tí kì í ṣàn bí odò. Ńṣe ló ń yọ́ gba àárín yanrìn bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn. Obìnrin kan jókòó lé ẹ̀yìn odò náà. Aṣọ rẹ̀ pupa, ó tún di àwọ̀ ewé, ó tún di aró, gẹ́gẹ́ bí ó bá ti mí. Ẹwà rẹ̀ le. Òórùn rẹ̀ gbá mi lójú bí ìgbátí.

Ó ní, “Mo gun ọmọ ọba lẹ́yìn láti òkè dé àfonífojì, aṣọ mi kò rin, ẹsẹ̀ mi kò tutù. Ta ni mí?”

Mo ní, “Epo lójú omi. Èyí kò tó àlọ́ tí à ń pa fún ọmọdé.”

“Òṣùmàrè-Ilẹ̀ ni kí o pè mí. O gba ti àkọ́kọ́. Gba èkejì: ta ló pè mí wá sí ilé rẹ?”

“Ọkùnrin ilé epo.”

“Òun ló gbé mi sùn sórí òkè. Ta ló pè mí?”

“Ikùn-Irin.”

“Òun ló ṣílẹ̀kùn. Ta ló pè mí, ọdẹ?”

Ó ní kí n wo àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo wò ó. Ojú okùn ṣì wà níbẹ̀, pupa.

Ó ní, “Lórí òkè ni mo jókòó sí, mi ò ní ohun tí mo fẹ́ wá ṣe ní àfonífojì. Ọdọọdún tí ẹ bá gbọ́n kànga yín, omi ibẹ̀ á lọ sílẹ̀, omi orí òkè á sì sáré wá kún un, á gbé mi sẹ́yìn wá. Díẹ̀ lọ́dún yìí, díẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Lọ́dún yìí, ẹ fi ọjọ́ mẹ́tàdínlógún fà mí wọlé bí ìyàwó. Kò sí ẹni tó tíì fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀ rí.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tó sọ̀kò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bá. Mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan tí n kò tíì bi ẹnikẹ́ni. Mo ní, “Ọmọ mi mu omi yẹn nínú oyún, kí òórùn rẹ̀ tó hàn. Ṣé ìwọ lo pa á?”

Ó rò ó, lóòótọ́ ló rò ó. Ó ní, “N kì í ka ẹnu tó mu mí. Ó lè jẹ́ èmi. Ó lè má jẹ́ èmi.”

Títí dòní, ìdáhùn tí mo ní náà nìyẹn.

Mo ní, “Kúrò lọ́nà kí n kọjá. Mo fẹ́ rí ẹni tó lè mú ọ.”

“Ẹni tó bá fẹ́ kọjá yóò mí mi sínú. Ohun tí o fi ń mọ ẹran lẹ́yìn òkè kẹta, òun ni mo fẹ́. Fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi.”

Mo rò pé nǹkan kékeré ni. Mo rò pé ọwọ́ ṣì wà, ojú ṣì wà. Mo mí i sínú lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀kíní, orí mi yí. Ní ẹ̀kejì, òórùn rẹ̀ dínkù. Ní ẹ̀kẹta, kò sí òórùn kankan mọ́, ti rẹ̀ tàbí ti ẹlòmíràn. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo kọjá.

Ìlú tí mo wá dé, lórí hóró yanrìn kan ṣoṣo ló wà. Ìlú Ajẹdíẹ̀ ni. Àwọn ará ibẹ̀ kéré débi pé ẹgbẹ̀rún wọn lè ṣèpàdé lórí orí abẹ́rẹ́ kí àyè ṣì kù. Ohùn wọn dà bí òjò wẹ́wẹ́ lórí ewé kókò. Gbogbo wọn dùbúlẹ̀, wọ́n ń mí gúlegúle. Kíún ni orúkọ ọba wọn.

Ó ní, “Ta ni ìwọ tí o tóbi láìnídìí yìí?”

“Kábíyèsí, ọdẹ ni mí. Èmi ni mo pa erin Igbó Ẹlẹ́ta.”

“O pa á. Ta ló wá jẹ ẹ́ tán?”

“Àwa ìlú ni.”

“Ẹ jẹ ẹran. Egungun ńkọ́? Awọ tó jẹrà ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ tó dà sílẹ̀ ńkọ́? Àwa ni. Gbogbo ewé tó ti já bọ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, àwa la jẹ ẹ́, a kò sì pe ẹnikẹ́ni jókòó láti fọ́nnu fún un.”

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Kábíyèsí, ẹ lè jẹ Òṣùmàrè-Ilẹ̀?”

“Oúnjẹ wa ni, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n ta ní í jẹun nígbà tí wọ́n fún un lọ́rùn? Ó ti dí gbogbo ihò ilẹ̀, èémí kò dé ọ̀dọ̀ wa mọ́. Gbọ́ o. Ẹ fi kànga yín sílẹ̀, ẹ má fà á mọ́. Ẹ gbẹ́ kòtò mìíràn lórí òkè, lẹ́bàá Ikùn-Irin, ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa fà, kí obìnrin yẹn lè yí ẹsẹ̀ padà. Ẹ wú Ikùn-Irin àti àwọn èkejì rẹ̀ kúrò. Ilẹ̀ tó ti mu epo, ẹ kó o jáde, ẹ tẹ́ ẹ fún oòrùn àti afẹ́fẹ́, kí ẹ máa yí i bí ẹni ń yí èlùbọ́. Kí ẹ sì wá ọ̀nà fẹ́ èémí sí wa nísàlẹ̀ níbí. Àwa yóò jẹ ìyókù.”

“Ọjọ́ mélòó ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, gbogbo ìlú náà. Ó ní, “Ẹnu wa kéré. Ọdún méje.”

“Kábíyèsí, ọmọ kan ń dúró de orúkọ.”

“Kí ó dúró. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.” Ó wò mí lójú, ó ní, “Má bínú. N kò mọ̀ pé o ti fi tìrẹ sílẹ̀ lọ́nà.”

Nígbà tí mo jáde sókè ilẹ̀, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Àwọn obìnrin ń ti oko bọ̀, wọ́n ń sọ pé ilẹ̀ ń ta sánsán. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo wọlé, mo ṣí àpótí, mo gbé aṣọ ìró Mọrádékẹ́ lé imú. Aṣọ ni. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí mo fi sílẹ̀. Mo ká a padà, mo pa àpótí dé. Mo gbé Ìkókó, mo gbé imú lé orí rẹ̀. Ó gbóná, ó rọ̀. Òórùn kò sí níbẹ̀.

Mo sọ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi fún ìlú. Ògúntáyọ̀ alágbẹ̀dẹ ló kọ́kọ́ dìde.

“Ọdẹ́rìndé, o ní kí n gbé ẹwìrì mi lọ fẹ́ ilẹ̀. Ilẹ̀ sọ fún ọ pé ooru ń mú òun ni?”

“Ó sọ bẹ́ẹ̀.”

“Láìsí iná?”

“Bí o bá mú iná débẹ̀, ìwọ àti ẹwìrì yóò dé ọ̀run kí o tó sín.”

Ó wò mí títí. Ó ní, “Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú tí kò sunkún, kò lè máa ṣàwàdà.” Ó lọ gbé ẹwìrì méjì.

A wú Ikùn-Irin àti àwọn èkejì rẹ̀, ara wọn lu bí ajere. A kó ilẹ̀ dúdú náà jáde, a tẹ́ ẹ ní pẹrẹsẹ, a da eérú àti ìgbẹ́ adìẹ sí i, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ la ń fi ọkọ́ yí i. A gbẹ́ kòtò lẹ́bàá ibẹ̀, a ń fa omi olóòórùn sókè, a ń ré epo ojú rẹ̀ sínú àgbá. A dá ọparun lu, a rì í mọ́lẹ̀ ní ibi méjìlá, Ògúntáyọ̀ sì ń fi ẹwìrì fẹ́ èémí sí i láràárọ̀. Ọ̀nà jíjìn la ti ń ru omi mímu, láti odò ìlú kejì. Mo máa ń kì ẹwìrì náà kí ọwọ́ má baà rẹ̀ ẹ́:

Ẹwìrì, ọmọ awọ ewúrẹ́ tí ń mí ju ẹni tó ni ín,
A pa ọ́ tán kí o tó kọ́ bí a ti í mí.
O fẹ́ iná fún Ògún, Ògún rọ ọkọ́;
Fẹ́ èémí fún ilẹ̀, kí ilẹ̀ pọ oró tí a fi bọ́ ọ.
Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́,
Mí, ẹwìrì, àwa tí kò lè mí kanlẹ̀ ń wò ọ́.

Ìkókó dàgbà. Eyín rẹ̀ hù, ó ká. Ó ń ru igi. Olùkọ́ kọ ọ́ sínú ìwé, “Ìkókó Afami.” Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní, “Ìkókó, ta ló pọ̀n ọ́ wá sílé ìwé?” Á ní, “Ẹsẹ̀ mi ni. Ta ló pọn tìrẹ?”

Lọ́dún karùn-ún, àìsàn gbé mi dè. Ìyá Ẹfúnyẹmí wá jókòó tì mí.

“Ọdẹ́rìndé, ẹnu rẹ nìkan ni orúkọ ọmọ yìí wà. Sọ ọ́ fún mi.”

“Omi kò tíì kàn án, ìyá mi.”

“Ṣé o fẹ́ gbé e lọ sọ́run ni?”

“N kò lọ sí ibì kankan.”

“Ta ló bi ọ́ bóyá o ń lọ?” Ó gbàdúrà sí mi lórí títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọlọ́run gbọ́ ti obìnrin yẹn. Mo dìde.

Ọdún keje pé. A fa omi Àìgbẹ sókè fún ìgbà àkọ́kọ́, gbogbo ilé Afami dúró yí i ká. Àgbà kan gbóòórùn rẹ̀, ó ní ó mọ́. Òmíràn ní ó ṣì ń rùn. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, ekòló ń dẹ́rù bà á. Wọ́n yíjú sí mi, èmi ọdẹ, onímú. Mo ní n kò mọ̀. Mo ní kí a gbé e fún ọmọ náà. Òun ni ọ̀ràn kàn.

Ó gba igbá. Ó fi imú sí i. Ó pẹ́ níbẹ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn mi.

Mo ní, “Òórùn kí ni o gbọ́?”

Ó ní, “Kò sí òórùn kankan, bàbá àgbà. Bí gbogbo nǹkan ṣe máa ń rí fún yín ni.”

Ìyá Ẹfúnyẹmí ti omi náà kàn án lẹ́nu. Ọmọ náà mu ún, ó tún béèrè sí i. Wọ́n yíjú sí mi. Ohun tí mo ti dì mọ́ ẹnu fún ọdún méje, mo bẹ̀rù pé yóò ti gbó mọ́ mi lọ́wọ́. Mo la ẹnu. Mo ní, “Àwẹ̀ró. Ìyá rẹ ní Àwẹ̀ró ni kí o máa jẹ́. Ọmọ tí a wẹ̀ tán, tí a róṣọ fún.”

A wẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú omi náà. Mo ṣí àpótí, mo fi aṣọ ìró ìyá rẹ̀ ró o, ó gùn jù, ó ń wọ́ nílẹ̀. Ó gbé etí aṣọ náà sí imú.

Ó ní, “Bàbá àgbà, aṣọ yìí ní òórùn.”

Mo ní, “Òórùn kí ni?”

Ó ronú. Ó ní, “N kò mọ̀ ọ́n. Òórùn ẹnì kan ni.”

Mo jókòó sórí etí kànga. Ohun tí mo ti ń wá nínú àpò tó lu láti ọdún méje, ó bọ́ sí mi lójú. Kò pọ̀. Ìyá Ẹfúnyẹmí ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀.

Òun nìyẹn, ó ń gbé igbá bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé yẹn. Ìdí rèé tí ẹ fi ń gbọ́ tí mò ń pe Àwẹ̀ró, Àwẹ̀ró, lójoojúmọ́ láìní iṣẹ́ tí mo fẹ́ rán an. Ọlọ́run kò ní sọ omi wa di ọ̀tá wa. Omi rèé, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ bá mi gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó mu ún.